Ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀: ọ̀rọ̀ 4s àti 3d

Ẹnì kan tó ń múra sílẹ̀ fún JAMB ní Ṣómólú ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi, bó ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ o. Tíṣà lẹ́sọ̀n wa ní 4s máa ń kún kí 3d tó bẹ̀rẹ̀, mo gbà, mo ti há a sórí. Lọ́jọ́ kejì ó tún wá ní tí irin bá fẹ́ sọ electron méjì nù, 4s yẹn kan náà ló máa kọ́kọ́ lọ. Mo kọ Fe²⁺ ní 3d⁴ 4s², ó fagi lé e. Ẹ̀gbọ́n, nínú dáńfó, ẹni tó wọlé kẹ́yìn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ló ń kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, báwo ni ẹni tó kọ́kọ́ wọlé á ṣe tún jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ jáde? Mo bi í, ó ní kí n ṣáà há a bẹ́ẹ̀. Kí ló dẹ̀ ṣe krómíọ̀mù àti bàbà tí wọn ò tẹ̀lé òfin? Ẹ tún bá mi yẹ Zn²⁺ tí mo kọ síbí wò: 3d⁸ 4s²."

Àbúrò mi, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, torí èmi náà kọ 3d⁴ 4s² yẹn nígbà tí mo wà ní SS3, wọ́n fi bírò pupa fa ìlà sí i látòkè délẹ̀, kò dẹ̀ sẹ́ni tó sọ ìdí ẹ̀ fún mi. Ó pẹ́ gan-an kí n tó wá rí i pé ọgbọ́n dáńfó tó o fi bi tíṣà ẹ yẹn, òun gan-an ló tọ̀nà. Nínú irin, electron tó wọlé kẹ́yìn ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ibi tí wọ́n ti dà á rú mọ́ wa lójú ni bí wọ́n ṣe ní 4s ló kọ́kọ́ wọlé, torí nínú irin kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ wọlé. Fún ẹni tí ò tíì gbọ́ ọ rí, 4s àti 3d jẹ́ orúkọ yàrá tí electron ń gbé nínú átọ̀mù: nọ́mbà iwájú ni ipele, lẹ́tà ni oríṣi yàrá, nọ́mbà kékeré òkè ni iye electron tó wà níbẹ̀. Fe²⁺ dẹ̀ ni irin tó ti sọ electron méjì nù. Máa bá mi bọ̀, ó máa gùn díẹ̀.

Ṣé o mọ àwọn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tó wà ní Lafiaji àti Ìsàlẹ̀ Èkó, èyí tí ò ní páǹpù tó ń gbé omi lọ sókè? Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà, nísàlẹ̀, láàárín ọgbà. Gbogbo ayálégbé ló fẹ́ gbé ìsàlẹ̀ torí ẹni tó bá wà lókè lọ́hùn-ún ló máa gbé kẹ́ẹ̀gì gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ lálẹ́. Fi sọ́kàn pé nucleus, ìyẹn àárín átọ̀mù níbi tí àwọn proton wà, ni ẹ̀rọ omi yẹn, àwọn electron ni ayálégbé. Proton inú nucleus ló ń fa electron, gbogbo wọn ló dẹ̀ fẹ́ sún mọ́ ọn, àmọ́ àyè ò gbà wọ́n tán nísàlẹ̀, làwọn tó kù bá gòkè. Bí èèyàn bá ṣe gòkè tó ni ìdè ẹ̀ ṣe ń tú tó, ẹni òkè pátápátá ló rọrùn jù láti lé jáde.

Háídrójìn la fi lè rí iye owó ilé yìí dáadáa, torí electron kan péré ló ní. eV ni wọ́n fi ń wọn énájì átọ̀mù, bí a ṣe ń fi náírà ṣírò ọjà. Kà á sí gbèsè: electron tó wà ní ipele 1 jẹ nucleus ní 13.6 eV, kò lè kúrò nílé àfi tẹ́nì kan bá san án tán. Ní ipele 2, gbèsè yẹn ti já sí 3.4, ipele 3 di 1.51, ipele 4 di 0.85. Kò ṣòro láti ṣírò, sọ nọ́mbà ipele di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, kó o wá fi pín 13.6. Nǹkan tí Niels Bohr, ará Dẹ́nmáàkì, sọ lọ́dún 1913 ni pé kò sí gbèsè 5, kò sí gbèsè 8, àfi àwọn tí mo kà yẹn àti àwọn tó tẹ̀lé wọn. Kò sẹ́ni tó ń sùn lórí àtẹ̀gùn.

Ìyẹn ò ní kó o gbà mí gbọ́ lásán. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní ilé mi ní Yábàá, mo gbé ìrẹsì kaná, mo ti bu iyọ̀ sí i, mo wá ń tẹ fóònù, kí n tó gbójú sókè omi ti hó dà sórí gáàsì. Iná tó ti ń jó búlúù jẹ́jẹ́ bá yí padà di yẹ́lò, yẹ́lò tó ki, bíi ti iná títì àtijọ́. Ìwọ náà ti rí i rí, gbogbo ilé tó ń fi gáàsì dáná ló ti rí i. Sódíọ̀mù inú iyọ̀ ni. Sódíọ̀mù ní electron 11, ẹyọ kan péré ló wà níta pátápátá, ní 3s. Ooru iná gbé e jù sókè sí 3p, kò lè dúró níbẹ̀, ó já bọ́, gbèsè tó wà láàárín yàrá méjèèjì, 2.1 eV, ló fi sílẹ̀ bí ìmọ́lẹ̀, ìgbì ìmọ́lẹ̀ yẹn dẹ̀ gùn tó 589 nm. Ìgbàkígbà tí iyọ̀ bá kan iná, yẹ́lò kan náà ni, ìbáà jẹ́ ní Yábàá tàbí ní Jámánì. Ká ní electron lè sùn lórí àtẹ̀gùn ni, ì bá máa já bọ́ láti ibi tó wù ú, àwọ̀ yẹn ì bá dà rú. Àwọn ọmọ tó máa ń sun wáyà lẹ́bàá ààtàn kí wọ́n lè rí bàbà inú ẹ̀ tà, iná tiwọn máa ń ní àwọ̀ ewé, torí bàbà ní àtẹ̀gùn tiẹ̀, gíga ẹ̀ yàtọ̀. (Ẹ má súnmọ́ èéfín yẹn o, kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró.)

Ó kan ọ̀rọ̀ yàrá. Lórí ipele kọ̀ọ̀kan, oríṣi yàrá ni s, p, d àti f. Àwọn tó ń wo ìlà ìmọ́lẹ̀ láyé ìgbà yẹn ló sọ wọ́n lórúkọ, sharp, principal, diffuse àti fundamental, kò nítumọ̀ kankan tó máa wúlò fún ẹ mọ́, má dààmú ara ẹ. Ipele 1 ò ní ju s lọ. Ipele 2 ní s àti p, ipele 3 fi d kún un, ipele 4 fi f kún un. Yàrá s kan ló máa ń wà, p máa ń wá ní mẹ́ta, d ní márùn-ún, f ní méje. Yàrá kọ̀ọ̀kan dẹ̀ nìyí, electron méjì péré ló ń gbà. Ìdí tí ipele 1 fi ń gba 2, tí ipele 2 ń gba 8, tí 3 ń gba 18, tí 4 ń gba 32 nìyẹn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Wolfgang Pauli ló gbé òfin yẹn kalẹ̀ lọ́dún 1925: electron méjì ò gbọdọ̀ jọra délẹ̀délẹ̀ nínú átọ̀mù kan. Tí wọ́n bá wà ní ipele kan náà, nínú yàrá kan náà, nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n fi lè yàtọ̀, òun ni wọ́n ń pè ní spin, ọ̀nà méjì péré ló dẹ̀ ní, òkè tàbí ìsàlẹ̀. Bí ọmọkùnrin méjì tó ń pín mátírẹ́ẹ̀sì kékeré kan ṣe máa ń sùn ló rí, ọ̀kan kọrí síbí, ìkejì kọrí síbi tí ẹsẹ̀ ẹni àkọ́kọ́ wà. Ẹnìkẹta wá dé, kò sí ọ̀nà kẹta tó lè kọrí sí, kó máa lọ yàrá mìíràn. Spin yìí kì í ṣe pé electron ń pòòyì bí òkòtó o, orúkọ lásán ni, àbùdá tó bí i mọ́ ni.

Wàyí o, tí yàrá mẹ́ta bá ṣófo lórí ipele kan, tí ayálégbé mẹ́ta dé, ta ló máa bá ẹlòmíì pín yàrá? Kò sí. Kálukú á mú tiẹ̀, gbogbo wọn á dẹ̀ kọrí síbì kan náà, òfin Friedrich Hund nìyẹn. Àwọn tíṣà máa ń fi ìjókòó bọ́ọ̀sì ṣe àpẹẹrẹ, ó dáa tó bá jẹ́ BRT, torí tó o bá wọ BRT tó ṣófo ní TBS, wàá rí i pé gbogbo èèyàn ló ń wá ìjókòó tí ẹnì kankan ò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìgbà tí ìyẹn bá tán ni wọ́n á tó máa ní "ẹ jọ̀ọ́ ẹ sún". Má fi dáńfó ṣe èyí o, nínú dáńfó kọ̀ndọ́ ló ń to èèyàn, mẹ́rin mẹ́rin láti ẹ̀yìn bọ̀, kò sí òfin Hund níbẹ̀.

Ẹ̀rí ẹ̀ wà nínú nọ́mbà. Náítírójìn ní electron mẹ́ta nínú 2p, kálukú nínú yàrá tiẹ̀, ó gbà wá ní 14.53 eV láti yọ ọ̀kan. Ọ́síjìn tó tẹ̀lé e ní proton kan sí i, ó yẹ kó túbọ̀ le láti yọ tiẹ̀, àmọ́ 13.62 péré ni. Ẹnìkẹrin ti dé, ó ti di dandan kí àwọn méjì pín yàrá, wọ́n ń lé ara wọn, ẹni tí ara ń ni ló tètè ń jáde. Rántí nọ́mbà méjì yìí, torí wàhálà pínpín yàrá yìí ló máa padà ṣàlàyé irin fún wa.

Ó ku ẹyọ kan ká tó débẹ̀. Nínú háídrójìn, 3s, 3p àti 3d, gbèsè kan náà ni gbogbo wọn, nọ́mbà ipele nìkan ló ń sọ owó. Kété tí electron bá ti ju ẹyọ kan lọ, ó yí padà, torí àwọn tó wà nínú á máa dí àwọn tó wà lóde lọ́wọ́, wọn ò ní jẹ́ kí ìfà nucleus dé ọ̀dọ̀ wọn tán. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo yàrá ni wọ́n ń dí bákan náà. Yàrá s ní àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, electron tó ń gbé ibẹ̀ lè yọ́ gba ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ omi, kò ní tò. Ti p ní ọ̀nà díẹ̀. Ti d ò ní rárá, ẹ̀yìn gbogbo èrò ló máa tò sí, ohun tó bá kù fún un ló máa gbà. Ìyẹn ló jẹ́ kí 4s lè wà nísàlẹ̀ 3d nígbà míì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ipele 4 ló wà.

"Nígbà míì" ni mo pè é o. Ìdí ọ̀rọ̀ la dé yìí, fara balẹ̀ kà á.

Mú pọtásíọ̀mù, nọ́mbà 19, ìyẹn ni pé ó ní proton 19 àti electron 19. Electron 18 ti kún inú ilé, ẹyọ kan ló kù tó ń wá yàrá. Tó bá gba 4s, gbèsè ẹ̀ jẹ́ 4.34 eV. Tó bá gba 3d, 1.67 péré ni. Wo 1.67 yẹn dáadáa, kó o wá padà lọ wo ipele 3 háídrójìn tí mo kọ lókè, 1.51. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà! Ìyẹn ni pé nínú pọtásíọ̀mù, 3d ò rí ju bíi proton kan lọ nínú 19, gbogbo ìyókù làwọn ará inú ilé ti dí mọ́ ọn. Ó dájú pé 4s ni pọtásíọ̀mù máa mú, fi 2.67 eV jáwé olúborí. Òun ló jẹ́ kó máa hùwà bíi sódíọ̀mù, ẹyọ kan lóde tó rọrùn láti yọ.

Wàyí, fi electron sílẹ̀ ní 19, má fi kún un, àmọ́ fi proton kan kún nucleus. Ó di kálísíọ̀mù tó ti sọ electron kan nù, Ca⁺. 4s ṣì ni ẹni kọkàndínlógún máa mú, àmọ́ 1.69 eV péré ló fi ju 3d lọ báyìí. 3d ń bọ̀. Fi proton kan sí i, 21, electron ṣì jẹ́ 19, Sc²⁺ nìyẹn, scandium tó ti sọ méjì nù. 3d ló gbà á! Kò tún gbà á kékeré, 3.17 eV ló fi wà nísàlẹ̀ 4s. Èrò kan náà, iye kan náà, ẹ̀rọ omi ló lágbára sí i, bí ẹ̀rọ omi bá dẹ̀ ti lágbára tó, títò sẹ́yìn ò fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn lára mọ́, pé ipele 3 súnmọ́ ìdí omi ju ipele 4 lọ ló wá ń ṣiṣẹ́.

Máa bá scandium yẹn lọ, dá electron ẹ̀ padà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Sc²⁺ jẹ́ 3d¹. Fún un ní ọ̀kan, ó di 3d¹ 4s¹. Fún un ní ọ̀kan sí i, ó di 3d¹ 4s², scandium pípé. Ṣé o rí i? Nínú ilé scandium, 3d ló kọ́kọ́ gbàlejò, 4s ló wọlé kẹ́yìn. Tó o bá wá fẹ́ yọ wọ́n, 4s ló wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ló máa kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Dáńfó ẹ ò ṣẹ̀ rárá.

Kí ni wọ́n wá ń kọ́ wa ní kíláàsì? Ìlà gígùn yẹn, 1s 2s 2p 3s 3p 4s 3d 4p 5s 4d 5p 6s 4f 5d 6p 7s 5f 6d 7p, òfin Madelung ni wọ́n ń pè é, Erwin Madelung ló tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1936. Irọ́ kọ́ o. Ó ń sọ fún ẹ pé tó o bá ń rìn lórí tébù, ìyẹn periodic table, láti nọ́mbà 1 dé 118, láti element kan bọ́ sí èkejì, ibi tí electron tuntun sábà máa ń hàn nìyẹn. Lóòótọ́, pọtásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù lo 4s kí 3d tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú ní scandium. Àmọ́ pọtásíọ̀mù kì í ṣe scandium tí ò tíì kún, ilé ọ̀tọ̀ ni, ẹ̀rọ omi ọ̀tọ̀ ló ní. Gbogbo ìgbà tó o bá sún síwájú lórí tébù, o fi electron kan kún un, o dẹ̀ fi proton kan kún un pẹ̀lú. Tó o bá wá ń yọ electron lára irin, proton 26 ẹ̀ ò mira, ilé kan náà lo wà. Ìlà kan ń sọ̀rọ̀ àdúgbò, ìkejì ń sọ̀rọ̀ inú ilé kan ṣoṣo, àwa la dà wọ́n pọ̀. Témi bá lágbára ni, ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́ ọmọ ní ìlà yẹn ni wọ́n á ti sọ eléyìí fún un, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Wàá bi mí pé tó bá jẹ́ pé 3d ló wà nísàlẹ̀ nínú irin, kí ló dé tí electron 8 ìta ò kó wọ 3d gbogbo wọn, yàrá márùn-ún ṣáà lè gba 10. Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, èmi náà bi ara mi. Ìwọ padà lọ wo náítírójìn àti ọ́síjìn. Yàrá 3d kéré, ó súnmọ́ ìdí omi lóòótọ́ àmọ́ ó há, àwọn tó wà níbẹ̀ ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. 4s fẹ̀, ó jìnnà sóde, afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀. Tí àwọn mẹ́fà bá ti wọ 3d, ẹnìkeje àti ẹnìkẹjọ á ṣírò ẹ̀ pé kí n wọ inú ìhámọ́ yìí kí n máa bá èèyàn jà lálaalẹ́, ó sàn kí n gòkè lọ gbé 4s, kí n máa gbé omi díẹ̀. Kì í ṣe gíga yàrá nìkan là ń wò, a ń fi ìjà kún un. Àpapọ̀ énájì gbogbo ilé ló gbọ́dọ̀ kéré jù. Bí irin ṣe jẹ́ 3d⁶ 4s² nìyẹn.

Tí ìjọba bá wá fẹ́ lé ẹni méjì jáde, àwọn ará òkè tí ìdè wọn ti tú ni. Ẹni àkọ́kọ́ gbà wá ní 7.90 eV, ìkejì 16.19, Fe²⁺ wá di 3d⁶. Èèyàn ti dín kù nínú ilé, ìjà ti dín kù, proton ṣì jẹ́ 26, làwọn 3d tó kù bá túbọ̀ rì sísàlẹ̀. Láti yọ ẹnìkẹta, inú 3d lo máa lọ mú un, 30.65 eV lo dẹ̀ máa san. Fe³⁺ di 3d⁵, ẹnì kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Krómíọ̀mù àti bàbà ńkọ́? Lójú ìlà Madelung, krómíọ̀mù ì bá jẹ́ 3d⁴ 4s², àmọ́ 3d⁵ 4s¹ ni. Bàbà ì bá jẹ́ 3d⁹ 4s², àmọ́ 3d¹⁰ 4s¹ ni. Wọ́n á sọ fún ẹ pé 3d tó kún dé ìdajì tàbí tó kún tán ló ń fún átọ̀mù ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú JAMB, máàkì ẹ á pé. Àmọ́ láàárín èmi pẹ̀lú ẹ, àlàyé yẹn ò tó. Tungsten wà nísàlẹ̀ krómíọ̀mù lórí tébù, inú kọ́lọ́ọ̀mù kan náà, 5d⁴ 6s² ló ṣe, kò bìkítà fún ìdajì kankan. Pàládíọ̀mù tún lọ jìnnà ju bàbà lọ, 4d¹⁰, ó kó 5s dànù pátá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé énájì ọ̀nà méjèèjì ti súnmọ́ra débi pé ohun kékeré lè gbé òṣùwọ̀n sọ́tùn-ún tàbí sósì. Nínú krómíọ̀mù, tó o bá fẹ́ fipá sọ ọ́ di 3d⁴ 4s² bí ìwé ṣe fẹ́, 0.96 eV péré lo máa fi kún un. Nínú bàbà, 1.39. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni níkẹ́ẹ̀lì tó jókòó ṣáájú bàbà: 3d⁸ 4s² ló jẹ́, ó tẹ̀lé òfin, gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún un, àmọ́ 0.025 eV ló wà láàárín ìyẹn àti 3d⁹ 4s¹. Ooru inú yàrá rẹ ní Ṣómólú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi irun orí kan borí ìdíje, a ò lè máa pè é ní ọmọlúàbí, ká máa pe bàbà ní ọ̀dàlẹ̀.

Fún ìdánwò, báyìí ni kó o ṣe é. Lo ìlà Madelung láti kọ átọ̀mù tó pé, fi krómíọ̀mù àti bàbà sọ́kàn, àwọn méjì yẹn nìkan ni wọ́n máa ń bi ọmọ sẹ́kọ́ńdírì. Kó o tó gé electron kankan, kọ́kọ́ to gbogbo ẹ̀ ní nọ́mbà ipele, gbogbo 3 ṣáájú 4, kó jẹ́ 3d⁶ 4s², má kọ ọ́ ní 4s² 3d⁶, kó o wá máa gé láti ọwọ́ ọ̀tún. Tó o bá ti tò ó bẹ́ẹ̀ kò ní ṣì ẹ́ lọ́wọ́ mọ́, ojú ẹ á ti rí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

O ní kí n yẹ Zn²⁺ tó o kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ẹ wò, 3d⁸ 4s², rárá, àṣìṣe kan náà ni. Síńkì jẹ́ 3d¹⁰ 4s², 4s méjèèjì ló lọ, ó ku 3d¹⁰, yàrá márààrún kún dẹ́múdẹ́mú, kò sí àyè tí electron kan lè fò sí nínú 3d, ìdí tí àwọn èròjà tí Zn²⁺ wà nínú wọn fi sábà máa ń funfun nìyẹn. Tí ìgò kálámáìnì bá wà nílé yín, èyí tí wọ́n fi ń pa ọmọ lára tí ara bá ń yún un nínú ooru, gbé e wá, mì í dáadáa, kó o dà díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Nínú ètù tó wà nínú ẹ̀, funfun ló pọ̀ jù, Zn²⁺ nìyẹn, 3d¹⁰. Àwọ̀ píǹkì tó ò ń wò yẹn, Fe³⁺ díẹ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn, irú èyí tó wà lára páànù tó ti dógùn-ún, 3d⁵. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹyọ 4s kan tó ṣẹ́kù.